Ẹranko Tó Mọ Garawa Wa Í Ṣí

Ọjọ́rú, 8 oṣù Karùn-ún

Wọ́n tún ti dà á nù. Aago márùn-ún àárọ̀ kọjá díẹ̀ ni mo jáde láti lọ síbi iṣẹ́, mo bá garawa pàǹtí tó dùbúlẹ̀ sẹ́bàá títì bí ọ̀mùtí. Egungun adìyẹ, èèpo ọ̀dùnkún, páálí wàrà. Ìyẹn ò dùn mí. Ìlédìí Bàbá ló dùn mí. Mẹ́fà. Wọ́n fà wọ́n ya lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tẹ́ wọn láti ẹnu ọ̀nà wa dé iwájú ilé Tíṣà, obìnrin tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa. Ọ̀kan há sáàárín òdòdó rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa á. Kò sí ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin kan tó ń sáré ìdárayá ń kọjá, ó wolẹ̀, ó wò mí, ó fo ọ̀kan dá. Ó ní, "Rakúùnù, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó sáré tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo gbójú sókè, Bàbá wà lójú fèrèsé. Mi ò mọ ìgbà tó ti débẹ̀.

Mo fi ogún ìṣẹ́jú pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Marisela, ọ̀gá wa ní yàrá ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì, ò sọ nǹkan kan. Ó wo aago ara ògiri, ó wá wò mí. Ó tó.

Ọjọ́bọ̀, 9 oṣù Karùn-ún

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá àyà mi á balẹ̀.

Bàbá mi, Belarmino Furtado, ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàdọ́rùn-ún. Ogójì ọdún ló fi da kọnkéré ní Toronto yìí. Bí a bá wọ ọkọ̀ lọ sáàárín ìlú, á máa nàka sí àwọn ilé gogoro: ti ibí yìí, èmi ni mo kan páákó rẹ̀, tọ̀hún, àwa la da ilẹ̀ rẹ̀, yìnyín ń bọ́ lé wa lórí. Ọdún tó kọjá ni ìtọ̀ ò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Èmi mọ̀, dókítà mọ̀. Nélio àbúrò mi mọ̀ díẹ̀. Ẹlòmíì ò mọ̀, bó sì ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn. Bó bá bọ́ ọ̀kan, ọ̀rá dúdú méjì ló ń fi dì í, á ta á ní kókó, á rọra tì í sí ìsàlẹ̀ garawa, á fi ìwé ìròyìn bò ó. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n ló fi ń ṣe gbogbo ìyẹn.

Rakúùnù wá, ẹranko tó ní ara bí ológbò tó jẹun jù, ọwọ́ bí ọwọ́ èèyàn, ojú dúdú bí ojú olè, ó tú kókó náà, ó tẹ́ ẹ sí títì fún gbogbo ayé.

Mo mọ èyí tó jẹ́ olórí wọn. Abo ni. Ìdí-Ńlá ni mo sọ ọ́.

Bàbá ò jáde jókòó sí ìta gbangba lónìí. Ó ní atẹ́gùn pọ̀. Ewé kan ò mì.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 oṣù Karùn-ún

Mo fi okùn ìsáṣọ di garawa. Kókó mẹ́ta. Kí wọ́n wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 oṣù Karùn-ún

Wọ́n wá. Wọn ò já okùn náà o — wọ́n tú u. Mo bá a nílẹ̀ ní gbọọrọ, odidi, bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ kó o pa mọ́ fún mi.

Ọjọ́ Àìkú, 12 oṣù Karùn-ún

Nélio pè láti Ottawa. Olùdámọ̀ràn ni mo ń pè é. Ìgbà tó wá kẹ́yìn, Kérésìmesì ni, ọjọ́ méjì.

Ó ní kí n ra garawa tó dáa. Mo ní garawa tí ìlú fún gbogbo èèyàn nìyẹn, òun nìkan ni ọkọ̀ pàǹtí ń gbé. Ó ní kí n gbé òkúta lé e. Ó ní òun rí i kà níbì kan pé ata máa ń lé wọn. Gbogbo èyí, mo ń gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá ní, "Àǹtí, ẹ ti ń bínú jù. Ẹranko ni."

Mo ní, "Wá ṣa á lọ́jọ́ kan, ká wo bí wàá ṣe máa rẹ́rìn-ín."

Ó ní kí n gbé fóònù fún Bàbá. Bàbá sọ fún un pé kò sí wàhálà, pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa nílé. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń dá ọ̀gá ibi iṣẹ́ lóhùn.

Ọjọ́rú, 15 oṣù Karùn-ún

Òkúta. Búlọ́ọ̀kù méjì ni mo gbé lé ìdérí lálẹ́ àná, ẹ̀yìn mi ṣì ń dùn mí. Wọ́n ti garawa ṣubú tòun ti búlọ́ọ̀kù. Búlọ́ọ̀kù fọ́ ìdérí. Nísinsìnyí, garawa wa ò ní ìdérí mọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ Olùdámọ̀ràn.

Mo tún pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Marisela sọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Ọjọ́bọ̀, 16 oṣù Karùn-ún

Mo pe ọ́fíìsì tó ń bójú tó pàǹtí. Mo dúró lórí fóònù títí ọbẹ̀ fi jó. Obìnrin kan ní kí n má gbé garawa síta kó tó di aago méje àárọ̀, bí mo bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ wàhálà tán. Mo ní aago mẹ́fà ni mo ń wọṣẹ́. Ó ní kí ẹlòmíì nínú ilé gbé e. Mo ní ẹlòmíì tó wà nínú ilé, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló fi ń rìn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàdọ́rùn-ún ni. Ó ní ìdérí tuntun á dé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo fi téèpù lẹ èyí tó fọ́. Mo wá da ata gígún lé e lórí, odidi ìgò kan. Atẹ́gùn tí Bàbá ń pè láti ọjọ́ yìí wá dé lójijì. Gbogbo rẹ̀ kó sí mi lójú.

Bàbá ló fi wàrà tútù wẹ̀ mí lójú níbi ìfọwọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, "Odília, ìwọ gan-an lo lé." Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rẹ́rìn-ín láti ọ̀sẹ̀ kan. Mo jẹ́ kó pẹ́ lórí ojú mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 oṣù Karùn-ún

Ẹ̀gbẹ́ ilé lọ́tẹ̀ yìí, nítòsí àtẹ̀gùn ilé ìdáná. Wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí téèpù. Mo kúnlẹ̀, mo ń ṣa á, orí mi gbóná. Mo ń pariwo mọ́ ìlédìí. Mo ní mélòó ni èèyàn kan ṣoṣo ń lò lójúmọ́ ná, mélòó leléyìí, ṣé bí màá ṣe máa ṣe é nìyí títí màá fi kú. Kò sí ẹni tí mo ń bá wí. Mo kàn ń sọ ọ́.

Mo fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ṣì ń rùn sí mi.

Ọjọ́ Àìkú, 19 oṣù Karùn-ún

Mo ti mọ̀. Mo ti mọ ìdí tó fi jẹ́ ilé tiwa.

Tíṣà ni. Winifred Ashdown, ẹni tí ilé rẹ̀ lẹ̀ mọ́ tiwa, ògiri kan ló pín wa. Ó kọ́ ọmọ níwèé títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó di ṣọ́ọ̀kì mú. Oòrùn ò tíì wọ̀, mo ń ká aṣọ lẹ́yìnkùlé, mo rí i tó gbé abọ́ oúnjẹ ológbò síta, tó jókòó sórí àga. Kò ní ológbò. Ìdí-Ńlá gun ọgbà kọjá pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin, wọ́n jẹun bí àlejò tí wọ́n fi ìwé pè.

Mo lọ bá a lẹ́bàá ọgbà. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ̀ ń bọ́ wọn?"

Ó ní, "Ó ń tọ́mọ, Odília. Ebi ń pa á."

Mo ní ọ̀dọ̀ tiẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, ọ̀dọ̀ tiwa ni wọ́n ti ń jẹ tòru. Ó ní àwọn ẹranko yìí ti wà níbí kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́, bí ẹni ń kọ́ ọmọ kíláàsì kejì. Mo ní ṣé orí ẹ pé. Mo gbàgbé pé "ẹ̀yin" ni mo ń pè é láti ogún ọdún.

Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Ohun tí èmi ń gbé síta ò tini lójú, ó kéré tán. Ìgbà mẹ́ta ni mo ti yọ ìlédìí bàbá yín kúrò nínú òdòdó mi. Mi ò sọ fún ẹnì kankan."

Ohùn tíṣà. Ó dé ìparí àdúgbò.

Nígbà tí mo wọlé, Bàbá ti pa fèrèsé ilé ìdáná dé. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń nu tábìlì tó ti mọ́.

Bí mo bá tún bá obìnrin yẹn sọ̀rọ̀, kí ahọ́n mi gbẹ.

Ọjọ́ Ajé, 20 oṣù Karùn-ún

Bàbá ní òun ò fẹ́ kọfí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 oṣù Karùn-ún

Ó ní ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ kéèlì níyọ̀ jù. Mi ò tíì fi iyọ̀ sí i. Ó jẹ búrẹ́dì gbígbẹ.

Garawa fúyẹ́ lónìí. Ìlédìí méjì péré láti àná. Oògùn tuntun tí dókítà fún un ti ń ṣiṣẹ́, ó jọ. Nǹkan kan ṣáà dára nínú ọ̀sẹ̀ yìí.

Ọjọ́rú, 22 oṣù Karùn-ún

Wọ́n dà á nù, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan gidi nínú rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọrin.

Ọjọ́bọ̀, 23 oṣù Karùn-ún

Bàbá ṣubú.

Mo wà níbi ẹ̀rọ ìlọṣọ. Marisela fúnra rẹ̀ ló wá pè mí, ó ti bá mi bọ́ àwọ̀n irun mi kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Máa lọ. Má pààrọ̀ aṣọ."

Tíṣà ló gbọ́ ọ. Ó gbọ́ gbì lára ògiri, ó kan ògiri, kò sí èsì. Ìyá mi ti fún un ní kọ́kọ́rọ́ wa nígbà tó wà láyé, mi ò tiẹ̀ rántí mọ́. Ó wọlé, ó bá a nílẹ̀ ilé ìdáná, ó pe áńbúláǹsì. Nígbà tí mo dé ọsibítù, òun ló jókòó tì í, ó wọ bàtà inú ilé. Ó dìde, ó fún mi ní àga.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 oṣù Karùn-ún

Egungun kankan ò dá. Omi ló gbẹ lára rẹ̀. Dókítà náà ò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, ó wé láwàní, ó ń rọra sọ̀rọ̀. Ó bi mí pé ife omi mélòó ni Bàbá ń mu lóòjọ́. Mi ò mọ̀. Ó ní ó tó ọjọ́ mẹ́rin tí ọkùnrin yìí ò ti mu nǹkan kan tó lórúkọ.

Mo mọ ẹni tó fà á. Bí dókítà ṣe jáde ni mo sọ fún Bàbá pé bí mo bá délé, màá fọ́ abọ́ ológbò yẹn mọ́ ilẹ̀kùn Winifred Ashdown, pé òun ló dójú tì í débi tí kò fi lè mu omi mọ́.

Bàbá ní, "Kì í ṣe Winifred."

Mo ní kó má gbèjà rẹ̀.

Ó ní, "Odília. Ìwọ ni mo gbọ́. Lọ́jọ́ Sátidé. O ní mélòó leléyìí." Omi ń kán wọ apá rẹ̀ látinú ọ̀rá tó so kọ́. "Mo ṣe ìṣirò rẹ̀. Mo rí i pé bí mi ò bá mu, wọ́n á dínkù."

Kò fi bú mi. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàlàyé iye àpò sìmẹ́ǹtì tó yẹ kó lọ sílẹ̀ kan. Ó tiẹ̀ dà bíi pé inú rẹ̀ dùn díẹ̀ pé ìṣirò náà tọ̀nà.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bínú kiri. Sí ẹranko, sí ọ́fíìsì, sí Ottawa, sí obìnrin ẹ̀gbẹ́ ilé. Mi ò tíì bínú sí ẹnikẹ́ni bí mo ṣe bínú sí Odília Furtado lónìí. Mo lọ jókòó nínú ilé ìtọ̀ ọsibítù, mo bu ara mi ní gbogbo orúkọ tí mo mọ̀. Àwọn kan wà tí ìyá ìyá mi nìkan ló máa ń lò wọ́n.

Mo padà wá, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n sún ìrọ̀rí rẹ̀ sókè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 oṣù Karùn-ún

A ti délé. Ó mu ife omi márùn-ún. Mo dúró tì í bí ọlọ́pàá.

Ọjọ́ Àìkú, 26 oṣù Karùn-ún

Mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Tíṣà. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu mi. Ó ní ohun tó yẹ kóun ṣe lòun ṣe, pé òun bẹ̀bẹ̀ fún ohun tóun sọ lẹ́bàá ọgbà. Mo bi í bóyá á dá oúnjẹ àwọn yẹn dúró. Ó ní rárá, ó di ìgbà tí àwọn ọmọ bá dàgbà. Mo tún bínú lójú ẹsẹ̀. Mo dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo kúrò níbẹ̀ kí n tó ba tàkọ́kọ́ jẹ́.

Olùdámọ̀ràn pè. Ó ní àsìkò ti tó ká wá ilé àwọn arúgbó fún Bàbá. Ó ti rí méjì lórí fóònù rẹ̀, ọ̀kan ní ọgbà. Kí n tó dáhùn, Bàbá na ọwọ́, ó gba fóònù.

Ó ní, "Nélio, o mọ igi í gé?"

Mo gbọ́ tí Nélio ní rárá.

Bàbá ní, "Ó dáa. Dúró síbẹ̀ nígbà náà." Ó pa á.

Ó wá ní kí n bá òun wá pẹ́ńsù. Ó fa ilà sára bébà búrẹ́dì títí ilẹ̀ fi ṣú. Àpótí ni, tó ga tó àyà mi, garawa méjì á wọ inú rẹ̀.

Ọjọ́rú, 29 oṣù Karùn-ún

A ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní iṣẹ́ lọ́wọ́ títí di aago méjì, lẹ́yìn náà mo tún níṣẹ́ lọ́wọ́ títí di alẹ́. Páákó àtijọ́ tó wà ní àjàalẹ̀ ni, èyí tó fi ń ti kọnkéré, kọnkéré gbígbẹ ṣì wà lára wọn. Èmi ni mo ń gé. Òun ń pàṣẹ lórí àga.

Ọkùnrin tó ń bẹ̀rù kó má bàa yọ mí lẹ́nu, níbo ló lọ? "Ìwọ̀n ẹ ò tọ́. Tún un wọ̀n." "Ṣé ẹyin lò ń kàn ni? Gbá a." "Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń di ayùn mú, àlùfáà?" Mo ju òòlù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ fún un pé n kì í ṣe òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ó ní òun mọ̀, òun ì bá ti lé mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 31 oṣù Karùn-ún

Ìkọ́ ló kù. Ó fẹ́ ìkọ́ onígi méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, téèyàn ní láti gbé sókè pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí ìdérí tó ṣí. Bó o bá gbé ọ̀kan, ìkejì á há. Mo bi í bó ṣe mọ̀ pé ìyẹn á tó.

Ó ní òun ti ń wo Ìdí-Ńlá lójú fèrèsé láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọwọ́ òsì ló kọ́kọ́ ń lò. Á fọwọ́ kan nǹkan kó tó wò ó. Bó bá na ọwọ́ méjèèjì, kò ju báyìí lọ — ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n hàn mí. Ó ní, "Òṣìṣẹ́ gidi ni."

Mo ní olè ni.

Ó ní, "Òṣìṣẹ́ tó ń jalè. Mo bá irú wọn ṣiṣẹ́ dáadáa."

Èmi ò lè fẹ́ràn rẹ̀. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ó ní kò pọn dandan, kí n ṣáà gbẹ́ ìkọ́ náà kó dán.

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹfà

Àpótí ti dúró níwájú ilé. Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti aago méje: ta ló máa yí garawa síta lọ́jọ́rú? Mo ní màá bẹ Marisela. Bàbá ní kò sẹ́ni tó máa bẹ ẹnì kankan. "Èmi ni màá gbé e."

Mo ní kò ṣeé ṣe. Ìkọ́ méjì, ọwọ́ méjì. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ńkọ́?

Ó ní òun ti ronú sí i.

Ọjọ́rú, 5 oṣù Kẹfà

Mo bẹ Marisela náà. Ó fún mi ní wákàtí méjì. Bàbá ò mọ̀. Mo jáde ní aago márùn-ún bí ìṣe mi, mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé padà, mo dúró sẹ́yìn aṣọ fèrèsé pálọ̀ bí olè.

Aago méje kọjá díẹ̀, ó jáde. Kóòtù tó ń wọ̀ lọ sí Máàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀, pẹ̀lú fìlà. Àmì ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ wà lára gbogbo àpótí náà, lókè, nísàlẹ̀, lábẹ́ ìkọ́. Wọ́n ti ṣiṣẹ́. Kò ṣí.

Ó ti irin rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ó fi àyà ti àpótí, ó dúró, ó gbé ọwọ́ lé ìkọ́ méjèèjì. Mo di aṣọ fèrèsé mú débi pé mo já ọ̀kan nínú òrùka rẹ̀. Ìdérí ṣí.

Ọkọ̀ pàǹtí dé. Ọ̀dọ́kùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó bá a yí garawa síta, ó fọwọ́ pa àpótí. Mo gbọ́ tó ní, "Bàbá, kí lẹ kó síbẹ̀ tó fi nílò irú èyí? Wúrà ni?"

Bàbá ní, "Ìlédìí mi." Kò rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàdọ́rùn-ún. Ìwọ náà á débẹ̀."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Tíṣà wà lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó wọ kóòtù orí aṣọ ìsùn. Garawa rẹ̀ ti dojúdé. Agolo oúnjẹ ológbò, ewé tíì, ìwé lẹ́tà, gbogbo rẹ̀ fọ́n káàkiri títì. Ó dúró láàárín rẹ̀, kò mọ ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn. Mi ò ní parọ́ sínú ìwé yìí, inú mi dùn gan-an.

Ó ní, "Belarmino, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo wọn wá. Ẹ ò lè kan ọ̀kan fún èmi náà?"

Bàbá wo títì, ó wo garawa rẹ̀. Ó ní, "Mo lè fa ilà rẹ̀. Ṣùgbọ́n Odília ló ń gé igi. Òun ni kẹ́ ẹ lọ bẹ̀."

Aago mẹ́jọ alẹ́ rèé, kò tíì wá. Ó ń to abọ́ ológbò sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, mo ń gbọ́ ọ. Bó bá wá, màá jẹ́ kó bẹ̀ mí dáadáa. Màá jẹ́ kó dúró lórí àtẹ̀gùn. Mo ṣì ń bínú.

Mo ti lọ wọn ìbú garawa rẹ̀. Ó fi ìka méjì fẹ̀ ju tiwa lọ. Páákó tó kù ní àjàalẹ̀ á tó o.